Òṣùwọ̀n Ọmọ-ọwọ́ Òkè-Àgbọ̀nrín

Mo ti ń gun òkè yìí láti ìgbà tí orúnkún mi ṣì jẹ́ tèmi,
àpótí oògùn lórí, ìwé ìkànìyàn lábẹ́ abíyá,
kí ọ̀nà ọ̀dà tó ti Ẹfọ̀n gùn ún dé ìdajì,
kó rẹ̀ ẹ́, kó jókòó síbẹ̀.

Lọ́dún náà, ilé mọ́kànléláàádọ́rin ni mo kà.
Ọmọ ń tú jáde bí ẹ̀sunsun lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀.
Mo bi Bàbá Fámúrewá pé mélòó ni tirẹ̀,
ó ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.
Mo bá ka bàtà tó wà lẹ́nu ọ̀nà, mo pín in sí méjì méjì:
ọmọ mẹ́jọ, ó ku bàtà ẹyọ kan.
Ti Ọmọ́dàra ni.
Sòbìà ń yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kejì,
ìyá rẹ̀ ń ká a mọ́ igi ìṣáná, díẹ̀díẹ̀,
bí ẹni ń ká òwú tí kò gbọdọ̀ já.

Mo dé ìlà tí wọ́n kọ "owó tó ń wọlé" sí.
Ó ní: usu, obì, kòkó díẹ̀.
Mo kọ "iṣu".
Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó yọjú wo ohun tí mo kọ,
ó ní, "Ìyẹn kọ́ ni mo wí."

Òṣùwọ̀n wa rọ̀ sára igi máńgòrò nígbà náà.
Ọmọ-ọwọ́ á wọ ṣòkòtò rẹ̀ aláwọ̀ búlúù,
á máa fì bí àdán, á máa tọ̀ sí mi lára,
àwọn ìyá á rẹ́rìn-ín títí.
Lọ́dún èéyi, yíǹkì pupa mi tán.

Kànga dé. Abẹ́rẹ́ dé.
Sòbìà lọ, kò dágbére.
Ìgbà tí ikú wá jáwọ́ lára àwọn ọmọ
ni àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ fúnra wọn:
Àkúrẹ́, Ìbàdàn,
ìlú kan tí yìnyín ti ń bọ́ bí ẹ̀gbọ̀n òwú.

Lánàá mo tún gòkè. Ọlọ́kadà ní kí n sọ̀ kalẹ̀ níbi tí ọ̀dà parí sí.
Èéfín ni mo fi ka ilé báyìí: mọ́kàndínlógún.
Ilé tó ga jù kò ní èéfín rárá,
pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Ọmọ́dàra, dígí yípo,
kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ rọ̀ sọ́rùn bàbá rẹ̀ bí oògùn.

"Owó tó ń wọlé ńkọ́, Bàbá?"
Ó na fóònù sí mi. Ó ní ó máa ń dún,
bí òun bá gun àpáta ẹ̀yìnkùlé kí atẹ́gùn ìpè lè rí òun.
Mo so aṣọ mọ́ apá rẹ̀, mo fẹ́ ẹ:
ọgọ́sàn-án lórí àádọ́fà.
Mo ní kó má gun àpáta mọ́.
Ó ní, "Ta ni yóò wá bá mi gbọ́ owó oògùn?"

Mo ṣírò lábẹ́ máńgòrò. Bí a bá fi orí pín owó,
Òkè-Àgbọ̀nrín ti là:
owó lé, orí dín.
Lókè mi, òṣùwọ̀n ń fì. Obì ló wà nínú ṣòkòtò búlúù.
Yèyé Ìbíṣọlá ní òṣùwọ̀n náà ṣì ń sọ òótọ́,
ó kàn jẹ́ pé kò gbọ́ igbe mọ́ ni.

Kí n tó sọ̀ kalẹ̀, mo tún wo ẹnu ọ̀nà Bàbá.
Bàtà méjì. Mo pín in.
Ó ní, "Ka tàwọn tó lọ mọ́ ọn."
Ìwé ìjọba kò ní ìlà fún ìyẹn.
Mo kọ ọ̀kan. Mo wo ojú rẹ̀.
Níbi oúnjẹ, mo rọra kọ ọ́, lẹ́tà gàdàgbà:
usu.