Ẹ Jẹ́ Kó Tutù Ná

Aago méje kò tíì lù tí mo dé Ìsọ̀kùn,
owó wà nínú báàgì mi, lábẹ́ ìwé orúkọ kíláàsì.
Ọ̀gbẹ́ni Fátùnàṣe ti ń dúró dè mí lẹ́nu géètì,
aṣọ ìnuwọ́ léjìká, ẹ̀rín lẹ́nu.
Ó ṣí tapólì kúrò bí ẹni ṣí aṣọ lójú ìyàwó:
alùpùpù arìnrìn-àjò, àwọ̀ ojú òjò,
àyà rẹ̀ fẹ̀, ìdí rẹ̀ gùn,
àpótí méjì rọ̀ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí àpò ọdẹ,
gíláàsì kan níwájú tí yóò máa bá ẹni jẹ ìyà atẹ́gùn.

“Kì í ṣe ọ̀kadà o, Tíṣà, ẹ má fi wé ọ̀kadà.
Èyí ò gbé èèyàn mẹ́ta pẹ̀lú ewúrẹ́ rí.
Jámánì ló ti wọ ọkọ̀ ojú omi wá.
Ìyàwó mi nìkan ló ń jókòó lẹ́yìn rẹ̀,
ọjọ́ Sọ́ńdè, ṣọ́ọ̀ṣì lásán.”

Mo gbọ́. Mo wo mítà: ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá péré.
Mo wo ibi tí ẹsẹ̀ ti ń pààrọ̀ jíà:
rọ́bà rẹ̀ ti jẹ, ó ń dán bí èrúkọ́ bàbá àgbà.
Ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá kì í sọ rọ́bà di èrúkọ́.

Mo lóṣòó.
Ogún bàbá mi ni, ìlóṣòó yìí.
Ó ta aṣọ àwìn dé Ìdànrè, dé Ìfọ́n,
dé ibi tí títì ti ń di ipa ẹsẹ̀;
bí ọjọ́ owó bá pé, a lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè,
kò ní jẹun, kò ní bú ẹnikẹ́ni,
yóò kàn wà níbẹ̀ bí òkúta tó mọ orúkọ rẹ.

Mo na ọwọ́ kan ara ẹ́ńjìnnì.
Ó gbóná.
Ìrì ṣì wà lórí ewé kókò lẹ́yìn ilé.
“Ọ̀gá, ta ló gùn ún lóru?”
“Rárá o, mo kàn... mo kàn tá a díẹ̀,
kó lè rọrùn fún yín.”

Máṣíìnì tó lárùn kì í sọ̀rọ̀ bí ara rẹ̀ bá ti móoru.
Inú òtútù ni ikọ́ ti ń jáde.
Mo ní, “Ẹ jẹ́ kó tutù ná.”

Ó wò mí. Mo wo ṣéènì.
Àkùkọ kan gba àárín wa kọjá bí agbẹjọ́rò.
Ọmọ rẹ̀ gbé àga wá, mo ní mo dúpẹ́.
Ìyàwó rẹ̀ gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá,
mo mu ún lórí ìlóṣòó, orúnkún mi ń ké.
Irọ́ ti ń sáré láti ìdájí;
òtítọ́ ò sáré, ẹ̀gbẹ́ táyà ló lóṣòó sí.

Ní aago mẹ́jọ, ó ní: “Ó ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan,
ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Erinmọ, òjò ló fà á.”
Ní aago mẹ́jọ ààbọ̀, ó ní: “Lẹ́ẹ̀mejì.”
Nígbà tí oòrùn gun òrùlé,
ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ̀rín ti lọ:
“Mítà yẹn ti kú kí a tó rin Jọ́ọ̀sì, kí a tó rin Kàlàbá.
Ojú mi ni, Tíṣà. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú,
iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ a di òrùn méjì.
Dókítà ní kí n tà á kó tó tà mí.”

Irin tutù. Mo tẹ bọ́tìnì.
Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó tu èéfín funfun,
ó dákẹ́.
Mo tún un tẹ̀. Ó gbà.
Ohùn rẹ̀ jìn, ó há díẹ̀,
bí ohùn ẹni tó ti kígbe pe ènìyàn láti òdìkejì odò.

Mo yọ ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà nínú iye tó dá,
kò jiyàn.
Mo dá ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá padà. Ti ẹ̀kọ nìyẹn.

Nírọ̀lẹ́, lọ́nà Ìwàràjà, mo tan iná iwájú:
ó yà sápá òsì, kò wo títì,
igbó ló ń wò.
Èyí, kò sọ ọ́ fún mi.
Mo dín eré kù,
àwa méjèèjì ń ka igi kòkó lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan.