Àdírẹ́sì Inú Òjé

Ní ojúlé kọkànlélógún, lẹ́yìn ọjà Ṣómólú,
Alàgbà Ṣówándé kì í tẹ ìwé sílẹ̀ de oníbàárà.
Ẹni tó bá wá lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ ló fi ń kọ ọ́ fún un.
Ẹni tó bá padà wá, tó tún padà wá,
pẹ̀lú rìsíìtì kan náà, orúkọ kan náà lókè,
òun ló ń to lẹ́tà òjé fún,
tó ń dè é mọ́ férémù irin pinpin.
Láti ìgbà náà, kí o tó ṣẹ́jú, ìwé ti jáde,
tàdáwà ò tíì gbẹ.

Mo kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní họlidé méjì.
Lónìí, lókè ilé oníbàtà kan ní Sábó, ní Yábàá,
ẹ̀rọ tí mò ń kọ ń ṣe bíi tirẹ̀:
ohun tí wọ́n bá pè lẹ́ẹ̀kan, ó ń túmọ̀ rẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan;
ohun tí wọ́n bá ń pè ṣáá, ó ń da òjé sí i,
kí kọ̀ǹpútà lè kà á láìsí ògbufọ̀.

Pákó tí Alàgbà ń to férémù sí kò ju mẹ́rin lọ.
Bí wọ́n bá kún, á fọwọ́ pa eruku orí wọn wò.
Èyí tí eruku rẹ̀ bá nípọn jù ló ń tú ká:
ìwé ìpè ìgbéyàwó àwọn tó ti kọ ara wọn,
ìwé ìdìbò ẹgbẹ́ tó ti fọ́.
Lẹ́tà á padà sínú àpótí, oníkálukú sí yàrá tirẹ̀.
Òjé kì í rántí ohun tó ti sọ rí.

Ó lófin kan: ọwọ́ tó ń to lẹ́tà
kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń tẹ̀.
Ìka méjì ni Ráfíù fi kọ́ ọ.
Àwa náà, ojú ewé tí a bá ń kọ lọ́wọ́, kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́;
èyí tó bá ń ṣiṣẹ́, a kì í kọ nǹkan sí i.

Ní oṣù Agẹmọ tó kọjá, ẹ̀rọ wa bẹ̀rẹ̀ sí í kú.
Yóò sáré fún ọjọ́ mẹ́ta bí ẹni tí kò níṣòro,
ní òru ọjọ́ kẹrin, á ṣubú, kò ní wí nǹkankan.
Bámigbóyè ní iná mànàmáná ni.
Mo ní kì í ṣe iná.
Òjò ń kán sínú báàkẹ́ẹ̀tì, mò ń ka nọ́ńbà títí ojú mi fi pọ́n.

Agbálẹ̀ ni. A ní agbálẹ̀ kan nínú ẹ̀rọ wa:
ohun tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ mọ́, á gbá a dànù;
ohun tí wọ́n ṣì ń dárúkọ, á kó o lọ síbi tó mọ́,
á sì kéde fún gbogbo ojúlùmọ̀ rẹ̀ pé,
"Ó ti kó o. Ibi báyìí ló wà."
Gbogbo ojúlùmọ̀,
àfi òjé. Àdírẹ́sì àná ti dì sínú òjé.

Ìgbà yẹn ni mo rántí ìwé dókítà Ìdúmàgbò.
Dókítà kó lọ; férémù kò mọ̀.
Alàgbà tẹ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ewé.
Obìnrin kan gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ń jó fòfò
lọ kanlẹ̀kùn ilé tí wọ́n ti wó.
Alàgbà kò sọ bó ṣe parí, n kò sì bi í.
Láti ọjọ́ náà ló ti ń kọ ọ́ sínú ìwé eléwé ogójì:
férémù wo, ìlà wo, ni àdírẹ́sì wà níbẹ̀.

Mo ṣe irú ìwé yẹn fún agbálẹ̀.
Ọjọ́ kẹrin kọjá. Ọjọ́ kẹsàn-án kọjá.

Mo ra búrẹ́dì, mo gba Ṣómólú lọ láti sọ fún un.
Ní ojúlé kọkànlélógún,
ọmọkùnrin kan ń tún fóònù ṣe lábẹ́ gíláàsì.
Ó ní, "Ṣówándé wo?"