Ìṣẹ́jú-Àáyá Mọ́kànlá

Èmi ni mo di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú lọ́jọ́ náà,
èmi Merlene, ọmọ Cawley tó ń tún rédíò ṣe ní Buff Bay,
nítorí ọ̀pá tó yẹ kó gbé e dúró ti kán.
Lascelles Pinnock jókòó sórí àpótí ọtí tí a dojú rẹ̀ délẹ̀,
ó wọ ẹ̀wù òtútù nínú oòrùn oṣù Kẹjọ.
Dàda rẹ̀ tó ti ń wọ́lẹ̀ tipẹ́,
ó ká a sórí bí okùn ọkọ̀ tí kò ní í lọ sókun mọ́.
Dókítà ní Kingston ti bá a sọ̀rọ̀.
Ó ní, "Ó dáa. Orin mẹ́sàn-án ló kù."

A ò ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ gidi.
Yàrá ẹ̀yìn ilé ìjọsìn àwọn Onítẹ̀bọmi ni,
páànù lókè, àpò kọfí tó ti ṣófo la fi bo ògiri
kí ohùn má baà máa ta padà sí wa.
Egbert ń ta gìtá báàsì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́,
bí ẹni ń rọra ti ilẹ̀kùn yàrá aláìsàn.
Bí òjò bá dé, a ó dúró.
Bí iná bá lọ, a ó dúró.
Bí ikọ́ bá dé, a ó dúró,
kò ní sẹ́ni tí yóò wo ojú ẹnì kejì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi kọ mẹ́jọ.
Kò bú Bábílónì nínú wọn bó ti máa ń ṣe.
Ó kọrin nípa àgbẹ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ìjì gba oko lọ́wọ́ rẹ̀,
tó gbin òmíràn kó tó sunkún.
Ó kọrin nípa Icilda, ìyá rẹ̀,
tó máa ń ka Sáàmù sínú ìkòkò ọbẹ̀.
Ó ní Jáà kì í pariwo,
àwa la dití.

Orin kẹsàn-án ni mo fẹ́ sọ.
Ó kọ ọ́ dé ìdajì,
"Ẹ má tilẹ̀kùn, èrò ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn",
ó sì dákẹ́.
Ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlá.
Egbert kò dúró. Ìlù kò dúró.
Mo ń gbọ́ bí èémí rẹ̀ ṣe ń ha lára ẹ̀rọ
bí adìyẹ tó ń tan ilẹ̀ gbígbẹ.
Lẹ́yìn náà ó sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, jẹ́jẹ́,
orin sì parí.
Kò pé oṣù kan tá a sin ín sórí òkè tí kùrukùru kì í ṣí.

Ọdún mẹ́tàlélógún rèé.
Mo ti rí apẹja ní Manchioneal tó pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀
nígbà tí orin náà débẹ̀, tó ṣí fìlà.
Wọ́n ní lọ́gbà ẹ̀wọ̀n, àwọn ọkùnrin a máa kà á pọ̀ nínú,
ení, èjì, ẹ̀ta, láìla ẹnu.
Obìnrin kan kọ̀wé sí mi láti Birmingham:
ọmọ rẹ̀ kú, ìdákẹ́jẹ́ yẹn nìkan ló ń jẹ́ kó sùn.
Àwọn àgbà Rásítà ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn.
Ẹnì kan ní orúkọ Ọlọ́run ni, lédè Àmháríkì.
Ẹlòmíràn ní orúkọ áńgẹ́lì tó wá mú un ni.
Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tilẹ̀ fín in sápá, pẹ̀lú àṣìkọ.

Omi ni.
Omi ló bèèrè lọ́wọ́ mi.
Mo dúró gbagidi, ẹ̀rọ lọ́wọ́,
ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá mira, orin á bàjẹ́.
Mo jẹ́ kó parí ná
kí n tó lọ bù ú wá.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti la ẹnu láti sọ ọ́.
Lẹ́ẹ̀kejì, lọ́dún tó kọjá, nínú yàrá yẹn kan náà,
a tan orin, gbogbo wa forí balẹ̀,
ìdákẹ́jẹ́ dé,
ọmọdébìnrin kan dìde láàárín àwọn àgbà,
ó lọ sídìí kúlà, ó bomi sí ife.
Mo rò pé yóò gbé e sórí àpótí rẹ̀ tó ṣófo níwájú.
Ó gbé e mu.
Gbogbo rẹ̀. A gbọ́ bó ṣe ń gbé e mì,
góló, góló,
mo sì pa ẹnu mi dé.