Ọ̀nà Irin Ẹ̀yìnkùlé

Òjò la fi ń kí ara wa ní àfonífojì wa, ní àríwá Wales:
"Ó tún ti dé o." "Ǹjẹ́ ó tiẹ̀ lọ?"
Inú irú òjò bẹ́ẹ̀ ni Idwal Prosser ti gbé ṣọ́bìrì,
ó ní òun fẹ́ la ọ̀nà rélùwéè
láti ẹnu ọ̀nà kíṣìnì dé ìdí igi ápù.

Èmi tí mo wà lẹ́yìn ògiri, mo rẹ́rìn-ín.
Àgbà ọkùnrin, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin!

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.
Lọ́sẹ̀ kìíní, yàrà tí kò jìn ju ìka mẹ́ta lọ;
lọ́sẹ̀ kejì, òkúta wẹ́wẹ́, garawa mẹ́rìnlélógún,
mo kà á lójú fèrèsé bí ẹni tí kò níṣẹ́.
Lẹ́yìn náà, sìmẹ́ǹtì.
Lẹ́yìn náà, òjò gbá sìmẹ́ǹtì lọ.
Lẹ́yìn náà, sìmẹ́ǹtì.

Àwókù òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ló fi mọ afárá,
òkúta pẹlẹbẹ tí bàbá rẹ̀ àti bàbá tèmi
jọ fọ́ nínú òkè ọ̀hún
kí ikọ́ tó pa àwọn méjèèjì.

Ẹ́ńjìnì dé nínú páálí, kò ju búrẹ́dì kan lọ,
ṣùgbọ́n omi gidi ló ń mu, iná gidi ló ń jẹ,
tó bá sì fọn fèrè,
ajá mi á wọ abẹ́ àga.

Ibì kan wà tí kì í gba ọkọ̀:
ìdí òdòdó róòsì Menna.
Ọ̀nà ì bá lọ tààrà ká ní ó gé gbòǹgbò kan péré.
Idwal kọ̀. Ó yí irin po òdòdó,
kọ́nà há bí ọwọ́ ahun,
bí ọkọ̀ bá sì débẹ̀, gbì! ó ti dojú dé.
Mo ké láti orí ògiri: "Gé e!"
Ó ní, "Ṣé ìyàwó tìrẹ ló gbìn ín?"
Mo panu mọ́.

Kíkọ́ kọ́ niṣẹ́. Ọjọ́ tí a kọ́ ọ tán niṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.
Yìnyín á gbé irin sókè lóru bí ẹni gbé ọmọ,
oòrùn díẹ̀ á tún fà á gùn.
Ọmọ ìyá òkété kan ń bẹ nílẹ̀ wa, afọ́jú, onírun àrán,
tí ń ti òkìtì jáde láàárín ọ̀nà láìtọrọ àyè.
Ìgbín ibí kò ju èékánná lọ,
ṣùgbọ́n kí kẹ̀kẹ́ ọkọ̀ tó lè yọ̀, ẹyọ kan ti tó.
Nítorí náà Idwal ń kúnlẹ̀ láràárọ̀,
búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín lọ́wọ́,
ó ń fọ irin bí ẹni tí kò fẹ́ jí i.

Lọ́dún tó kọjá ni ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.
Ìdè á bọ́ sínú koríko,
ojú ò rí i, ìka ò gbọ́ràn.
Mo gun ògiri. N kò mọ ìgbà tí mo gùn ún,
èmi tí mo fi í ṣẹ̀fẹ̀.
A kò sọ̀rọ̀. Mo di irin mú, ó ń tọ́ka.

Nest, ọmọ ọmọ rẹ̀, ló béèrè
ìdí tí ọkọ̀ fi ń ṣubú níbẹ̀ lójoojúmọ́.
"Kì í ṣubú," ni Idwal wí, "ó ń dúró ni."
Ọmọ náà wò mí, ó wo bàbá,
ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ MENNA sára òkúta pẹlẹbẹ kan,
ó rì í mọ́ ìdí òdòdó.
Òjò ń pa á rẹ́. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn ń tún un kọ.

Kọ́nà ṣì há, ọkọ̀ ṣì ń yẹ̀.
Lálẹ́ àná mo gbọ́ fèrè kékeré yẹn lẹ́yìn ògiri,
fàkàfíkì, fàkàfíkì, fàkà...
kẹ́kẹ́ pa.
Mo wọ bàtà òjò mi.