Ohùn Fíríìsà Ìyá Wa

Wàkílù, àbúrò mi, ló ń ṣe orin fún eré ojú ọ̀run,
eré tẹlifíṣọ̀n alẹ́ Ọjọ́bọ̀,
níbi tí odidi ìlú ti ń gbé inú ọkọ̀ òfurufú
tí wọn ò fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ fún ogójì ọdún.
Kò ní gìtá, kò ní dùùrù.
Kọ̀ǹpútà kan ló ní, tí bọ́tìnì rẹ̀ mẹ́ta ti ká bí eyín,
àti máìkì tí kò ga ju ọmọ odó ata lọ.

Olóòtú eré pè é láti Èkó:
“Mo fẹ́ ohùn ọkọ̀ ọ̀tá.
Kó má jọ ẹ́ńjìnnì, kó má jọ ẹranko,
kó dà bí ohun tó ti ń mí kí a tó dáyé.”

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Wàkílù fi wá a káàkiri Ẹ̀pẹ́.
Ó rì máìkì sínú bàsíà ẹja àrọ̀ lọ́jà Olúwo,
àrọ̀ ké, ó ní kò tó.
Ó fi etí lé òpó iná.
Ó dúró ti jẹnẹrétọ̀ Alhaji Sùnmọ́nù
títí Alhaji fi bi í bóyá ó fẹ́ jí i ni.

Lóru ọjọ́ kẹwàá ó yọ sí mi nílé yìnyín.
Fíríìsà ìyá wa wà ní igun,
èyí tí wọ́n rà lọ́dún tí wọ́n bí Wàkílù;
á kùn hùn-ún-ùn, á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, á tún kùn,
bí àgbàlagbà tó fẹ́ sọ̀rọ̀
tó rántí pé àlejò wà nílé.
Wàkílù dojúbolẹ̀ síwájú rẹ̀.
Mo rò pé owó ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.
“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mí.”
Èmi tí mo ní páálí ṣawá mẹ́fà láti tò,
mo dúró gbagidi, mi ò mí.

Ó gbé ohùn náà lọ.
Ó fà á gùn bí oṣù tí a ń retí owó,
ó sọ ìparí rẹ̀ di ìbẹ̀rẹ̀,
ó rì í wálẹ̀, wálẹ̀, títí ife orí tábìlì fi ń gbọ̀n.
Nígbà tí ọkọ̀ ọ̀tá yọ lẹ́yìn òṣùpá,
àwọn ọmọ mi kó sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.
Mo ní, “Ẹ jáde, fíríìsà ni.”
Wọn ò gbà mí gbọ́.
Mo ní kí Wàkílù san owó iná mi.
Ó kọ orúkọ mi sí ìparí eré;
orúkọ náà sáré kọjá, mi ò rí i kà.

Nígbà òjò, iná dé pẹ̀lú agbára, ó jó kọ́ńpírẹ́sọ̀.
Oníṣẹ́ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó mirí.
Àwọn tó ń ra irin àlòkù fi ọmọlanke gbé e lọ.
Mo ra tuntun.
Tuntun kì í sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́bọ̀, aago mẹ́jọ ààbọ̀, bí iná bá wà,
mo ń jókòó, mo ń retí ọ̀tá.
Àwọn ará inú eré ń bẹ Ọlọ́run kó má dé.
Ó dé: hùn-ún-ùn, ikọ́ mẹ́ta,
ìdájí wa sì ṣí,
sálúbàtà ìyá wa lórí sìmẹ́ńtì tútù,
ó ń la yìnyín,
ó ń pe ọmọ kan tó yẹ kó ti jí.

Wàkílù ní mo mí lẹ́ẹ̀kan lóru ọjọ́ náà.
Kò gé e kúrò.