Mo Gbà

Ogún ọdún ó lé mẹ́rin ni mo fi jókòó
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Ṣápọ́n,
tábìlì kan, àga méjì, agbòjò tí atẹ́gùn ti ká lápá.
Mò ń kọ lẹ́tà fún ẹni tí kò mọ̀wé,
mò ń ka èsì fún un, ní ohùn tí kò kọjá etí rẹ̀.
Ẹni tó jẹ gbèsè ní Kánò sọ fún mi.
Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣẹ̀wọ̀n sọ fún mi.
Obìnrin kan láti Ìjẹmọ̀ wá lọ́jọ́ òjò,
ó ní kí n kọ̀wé sí ọkùnrin kan ní Tákórádì
pé ọmọ tí òun bí —
ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Nígbà tí Ìyùnadé kò lè dìde mọ́,
mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Pánṣẹ́kẹ́,
mo ra ìlédìí àgbà, páálí méjì.
Mo ní kí wọ́n wé e sínú ọ̀rá dúdú,
kí wọ́n tún fi òmíràn wé e.
Ọmọbìnrin tó ń gbowó rẹ́rìn-ín:
"Bàbá, ẹ ka nọ́ńbà yín, a ó yọ igba náírà."
Mo kà á. Ó béèrè orúkọ aláìsàn. Mo dárúkọ.
Ó yí fóònù sí mi, mo fìka tẹ ibi tó ní MO GBÀ.
Inú mi dùn sí igba náírà yẹn,
kí n má purọ́.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan.
Àwọn tó ń ta bẹ́ẹ̀dì aláìsàn ti mọ̀ mí.
Àwọn tó ń ta oògùn rọpárọsẹ̀ ti mọ̀ mí.
Ẹnì kan pè, orúkọ ìyàwó mi lẹ́nu rẹ̀,
ó ní ṣé ẹsẹ̀ òsì ni àbí ọ̀tún.
Èmi tí n kò tíì sọ fún àbúrò rẹ̀ ní Adátán!

Mosúnmọ́lá, ọmọ ọmọ mi, ní,
"Bàbá àgbà, kí ló dé tí ẹ ò ka ohun tó wà lókè rẹ̀?"
Èmi! Èmi tí mo fi ìwé kíkà jẹun.
Ó wá a jáde: ojú ewé mọ́kànlélógún,
lẹ́tà wẹ́wẹ́ bí ẹyin èèrà,
níbi tí wọ́n ti ní àwọn lè fi wá han àwọn tí àwọn jọ ń ṣiṣẹ́.
Iṣẹ́ wo? Ẹsẹ̀ Ìyùnadé ni iṣẹ́ ọ̀hún?

Ó kú ní òru ọjọ́ Ẹtì kan, nínú oṣù Agẹmọ.
Lọ́jọ́ kẹjọ, àwọn àlejò jókòó yí mi ká,
fóònù tàn yòò lórí àpótí:
ẸKÁÀÁRỌ̀, ÌYÁÀFIN ṢÓDÍPẸ̀!
ÌLÉDÌÍ YÍN TI Ń TÁN LỌ.
A DÍN OWÓ RẸ̀ KÙ FÚN YÍN NÌKAN.
Alàgbà ìjọ kà á. Ó yíjú sí fèrèsé.
Obìnrin tó máa ń wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́,
kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ ìró omi.

Abẹ́ òkúta ni àwọn baba wa sá sí.
Ogun dé, ó kọjá, kò rí wọn kà.
Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo wo àpáta láti ẹ̀yìnkùlé:
ihò wo ló wà níbẹ̀ tó lè gba nọ́ńbà mọ́kànlá?

Mo padà lọ. Mo ní kí wọ́n pa orúkọ rẹ̀ rẹ́.
Ọmọbìnrin náà bu omi fún mi.
"Bàbá, kò sí lọ́wọ́ wa mọ́."
Ọwọ́ ta ló wà? Kò mọ̀.

Lánàá, ní Kútọ̀, mo rí obìnrin Ìjẹmọ̀.
Ó ti darúgbó. Ó ń ṣa ata.
Ó wò mí, mo wò ó. Ogójì ọdún.
Ó fojú béèrè. Mo fojú dá a lóhùn
pé ibi tó fi í sí ló ṣì wà.
Ó san owó ata rẹ̀, ó lọ.