Agogo Mẹ́ta Òru

Ní Kutaísì, òjò ń lu páànù.
Nẹ́sítánì jókòó ti ẹ̀rọ ìránbàtà.
Òṣìṣẹ́ mẹ́rin, owó oṣù méjì:
ó kà á síwá, ó kà á sẹ́yìn,
kò pé.

Lọ́sàn-án, ẹ̀rín rẹ̀ a máa dán bí awọ tuntun.
"Iṣẹ́ ń lọ," ló ń wí fún oníbàárà,
"iṣẹ́ ń lọ," fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù.
Iṣẹ́ ń lọ lóòótọ́;
òun ni kò mọ ibi tí òun ń lọ.

Ọ̀gá kì í sunkún lójú ọmọṣẹ́:
ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́?
Ó ránbàtà fún gbogbo àdúgbò,
ẹsẹ̀ tirẹ̀ wà lásán lórí símẹ́ńtì tútù.

Súrábù kanlẹ̀kùn,
ẹni tó ti ilé ìtẹ̀wé tirẹ̀ pa lọ́dún tó kọjá,
búrẹ́dì gbígbóná lábẹ́ abíyá.
Kò bèèrè èrè, kò bèèrè gbèsè.
"Ìgbà wo lo sùn kẹ́yìn?"

Ó lanu kó wí pé iṣẹ́ ń lọ.
Ẹkún ló jáde.

Súrábù fa àga, kò kánjú.
Ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ fún un.
Ilẹ̀ mọ́ bá wọn bẹ́ẹ̀,
owó ò tíì pé.